Ardis àti Kẹ̀kẹ́ Okùn Pẹlẹbẹ

Èmi Marlys ni mo ń ta ìdẹ ní etí adágún Sandvik láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ìdin, ẹja wẹ́wẹ́ ààyè, ìwọ̀, okùn, kọfí gbígbóná: kò sí ohun tí apẹja ń fẹ́ tí kò sí lórí àtẹ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ mi irú kẹ̀kẹ́ okùn tó yẹ kó rà sí ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀, ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo ní: onírin ni kó rà. N kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, n kì í sì í gba àríyànjiyàn lórí rẹ̀. Agídí mi yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ní ìgbà òtútù tó kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Ardis Kvam ni ọ̀rẹ́ mi náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ní Nordal, kò sì sí ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún nílùú wa tí Ardis kò tíì pariwo mọ́ rí pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Palmer ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Látìgbà náà, bí omi adágún bá ti di yìnyín tó nípọn tó láti gba ọkọ̀, Ardis á fa ahéré rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè lọ sí àárín adágún, á tan sítóòfù, á lu ihò méjì sínú yìnyín, á sì jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Kì í ṣe pé ebi ẹja ń pa á. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ibẹ̀ nìkan ni òun ti máa ń gbọ́ èrò ọkàn ara òun.

Nínú oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ kọ lù ú nínú ilé ìdáná rẹ̀. Èmi ni mo bá a nílẹ̀. Mo ti ń retí rẹ̀ fún kọfí láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán tí n kò rí i, mo lọ wò ó, mo sì bá a níbi tó nà gbalaja sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wò mí. A gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ẹnu rẹ̀ náà padà. Ẹnu yẹn gan-an ló kọ́kọ́ padà. Ọwọ́ òsì nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Ó lè gbé apá náà sókè díẹ̀, ó lè fi ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ di nǹkan mọ́ ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ìka rẹ̀ kò lè di ṣíbí mú.

Curtis, ọmọ kan ṣoṣo tí Ardis bí, ń gbé ní Sent Pọ́ọ̀lù, ìrìn wákàtí mẹ́rin sí wa. Ó wá ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n sì pe èmi náà. A ń jẹ lẹ́fsà lọ́wọ́, búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi pòtétò ṣe, tí a fi bọ́tà àti ṣúgà sí nínú, nígbà tí Curtis gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀.

"Mọ́ọ̀mì, mo ti tún yàrá ìsàlẹ̀ ṣe nílé mi. Ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn kankan. Kí ìgbà òtútù yìí tó parí, ẹ máa bá mi lọ."

"Lọ ṣe kí ni?"

"Ẹ lọ sinmi ni."

"Mo ti sinmi ní ọsibítù. Mi ò gbádùn ẹ̀ rárá."

"Ẹ ò lè dá gbé mọ́. Ti ahéré orí adágún yẹn, ẹ tiẹ̀ gbàgbé ẹ̀. Èèyàn ò lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo pẹja lórí yìnyín."

Ardis gbé búrẹ́dì rẹ̀ kalẹ̀. Mo mọ ojú tó fi wo ọmọ rẹ̀ yẹn. Ojú tó máa ń fi wo àwọn ọmọ tó bá ń jà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì ni.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kejì, ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n ti adágún pa fún ẹja pípa, máa bọ̀. Tí mo bá fi ọwọ́ ara mi fa ẹja kan ṣoṣo jáde níṣojú ẹ, mo dúró sílé mi, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ lẹ́nu ẹ títí tí mo máa fi kú. Tí mi ò bá rí i fà jáde, wàá bá ẹrù mi ní dídì lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa wọ mọ́tò ẹ, mi ò sì ní jiyàn."

Curtis wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ. Mo tẹjú mọ́ búrẹ́dì mi.

"Kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tó máa ràn yín lọ́wọ́ o," ó ní.

"Ọmọ adágún yìí ni ẹ́, àbí o ti gbàgbé? Ọwọ́ tó bá kan okùn ló ni ẹja."

Bẹ́ẹ̀ ni òfin wa rí. Kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, ṣùgbọ́n ó le ju ti ìjọba lọ. Bí ẹja bá tóbi tó ọmọ ẹran lẹ́nu okùn rẹ, bí ẹlòmíràn bá lè fi ìka kan kan okùn náà, ẹja ti kúrò ní tìrẹ. Delmer Stai tí ahéré rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ardis ké sí ìyàwó rẹ̀ lọ́dún kan pé kó gba òun. Ìyàwó fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré, fọ́tò ẹja náà sì wà lára ògiri wọn dòní, orúkọ ìyàwó ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń na ọwọ́ sí okùn ẹlòmíràn lórí adágún Sandvik.

Ọdún tuntun wọlé, Ardis sì wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ ló mú wá, èyí tí mo fúnra mi ta fún un, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ onírin lára rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ onírin ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ bí ọrun. Wàá fi ìka kan gbé okùn mọ́ ọ̀pá, wàá fi ọwọ́ kejì ṣí irin náà, ìwọ̀ á sì já lọ sínú omi. Bí ẹja ńlá bá gbé ìdẹ, kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀ á máa tú okùn fún un díẹ̀díẹ̀ kó má bàa já. Ohun tó dára ni, títí di òní n kò ní sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjì ló ń fẹ́.

Ardis fi ìgbọ̀nwọ́ òsì di ọ̀pá mọ́ra, ó sì gbìyànjú láti fi eyín ṣí irin náà. Ó ṣí, ṣùgbọ́n okùn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún un ṣe. Ó gbé ọ̀pá sáàárín orúnkún, ó fi àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ṣí i, irin náà padà wá gbá a létè. Ó tó ìgbà mẹ́wàá tó ṣe é. Ètè rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, èmi sì ń ṣe bí ẹni tó ń to ìwọ̀ sórí àtẹ.

"Gbé ìyẹn fún mi," ó ní lójijì.

"Èwo?"

"Èyí tó rí pẹlẹbẹ, tí eruku bò yẹn."

"Ìyẹn? Ohun ìṣeré ọmọdé mà nìyẹn, Ardis!"

"Ọmọ ọdún mélòó ló lè lò ó?"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà á lò ó."

"Gbé e wá. Mo ti ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ díẹ̀."

Mo gbé e fún un, mo sì ń kùn. Kẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ rí bí ìdérí ìkòkò kékeré, okùn ká yí i lára. Kò ní irin tí a ń ṣí. Àtàǹpàkò ni wàá fi tẹ etí rẹ̀. Bí o bá gbé àtàǹpàkò kúrò, á máa yí, ìwọ̀ á máa sọ̀kalẹ̀. Bí o bá tún tẹ̀ ẹ́, á dúró. Ọwọ́ kan tó o. Ardis gbé àtàǹpàkò, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ẹ̀rín náà.

"Tí ẹja gidi bá gbé e ńkọ́?" mo bi í. "Kò ní tú okùn fún un bí onírin o. Àtàǹpàkò ẹ ló máa jẹ ìyà ẹ̀."

"Àtàǹpàkò mi ṣì wà níbẹ̀."

"Á tún máa falẹ̀. Kó o tó ká okùn ẹ tán, ẹja á ti bímọ."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mò ń kánjú? Palmer máa ń sọ pé okùn kì í lọ́ lára irú eléyìí. Torí bí táyà ló ṣe ń yí, gbọọrọ lokùn ń jáde. Ti onírin, ṣe ló máa ń bọ́ ní ìká-ìká."

"Palmer pẹ̀lú ẹnu ẹ̀! Okùn tí èmi Marlys bá fọwọ́ ara mi ká kì í lọ́ o."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí, mo sì gba kẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a ká okùn tuntun sí i. Ibi tí mo ti bà á jẹ́ nìyẹn, n kò sì mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni Ardis fi ń lọ sórí adágún tí kò mú ohunkóhun bọ̀. Pẹ́ṣì ló ń wá, ẹja wẹ́wẹ́ abìlà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó dùn jù lọ nínú bọ́tà gbígbóná. Pẹ́ṣì gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń mú un. Delmer ń mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òjé tó wúwo ni Delmer so mọ́ ìwọ̀, òun sì lápá tó lè máa jù ú sókè sódò látàárọ̀ dalẹ́. Ìwọ̀ tí apá Ardis gbà kò ju hóró ìrẹsì lọ. Láràárọ̀ ló ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá pẹ̀lú pátákó tó fi ń fa ẹrù lórí yìnyín, okùn pátákó náà lọ́ mọ́ ìbàdí rẹ̀, nírọ̀lẹ́ á sì tún gba ibẹ̀ padà.

"Mélòó lónìí?" mo máa ń bi í.

"Wọ́n wá wò mí. Wọ́n kí mi. Wọ́n lọ."

"Mo ṣáà ti sọ fún ẹ. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni."

"Ó dàárọ̀, Marlys."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tó ń tì mí lójú. Inú mi ń dùn. Nígbàkígbà tó bá bọ̀ lọ́wọ́ òfo, ohun kan nínú mi máa ń wí pé, ṣé ẹ rí i, mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ náà pàdánù débi pé mo gbàgbé ẹni tó máa bá a pàdánù. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ kó kúrò nílùú, èmi ń ṣírò ẹni tó jàre.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Curtis dé, Ardis pè mí lórí fóònù.

"Marlys, máa bọ̀."

"Oníbàárà wà níwájú mi."

"Lé e jáde. Ti ṣọ́ọ̀bù, kó o máa bọ̀."

Mo débẹ̀, mo bá a lórí ikùn nílẹ̀ ahéré, ó fi kóòtù bo orí, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ihò. Bí a bá ti dí ìmọ́lẹ̀ òkè báyìí, omi adágún wa á mọ́ gaara débi pé a ó máa rí iyanrìn ìsàlẹ̀. Ó sún fún mi, mo dọ̀bálẹ̀ tì í, a jọ wà lábẹ́ kóòtù kan náà.

"Wo ìwọ̀ yẹn dáadáa," ó ní.

Mo wò ó. Ìwọ̀ kékeré náà rọ̀ sínú omi, ìdin kan lẹ́nu rẹ̀. Pẹ́ṣì bíi méje yí i ká. Gbogbo wọn ń sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kù díẹ̀, ìwọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, á pòòyì lọ sọ́tùn-ún títí, á dúró, á tún pòòyì padà sósì. Àwọn pẹ́ṣì náà á fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí wèrè lọ́nà ọjà.

"Ó ń pòòyì," mo ní.

"Ó ń pòòyì. Okùn ti lọ́. Kẹ̀kẹ́ yìí kì í sì í lọ́ okùn. Marlys, báwo lo ṣe ká okùn sí i?"

"Bí mo ṣe ń ká ti gbogbo èèyàn ni. Mo gbé ìdì okùn dúró sílẹ̀, mo jẹ́ kó máa bọ́ látorí..."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ká okùn sí onírin, torí okùn tó bọ́ ní ìká-ìká ló bá onírin mu. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí kẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ, a ti lọ́ okùn kó tó débẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó ń yí gbọọrọ kò sì ní ohun tó fẹ́ fi tú u. Ṣe ló yẹ kí n ki igi bọ inú ìdì okùn náà, kó máa yí bí kẹ̀kẹ́ ti ń yí. Ọmọ ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ ló yẹ kó ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọ̀rẹ́ mi ti fi jókòó sínú òtútù nítorí ọwọ́ mi, mo sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bú mi, Ardis."

"Mi ò ráyè. Sátidé ku ọjọ́ mẹ́rin. Lọ mú okùn tuntun wá, kó o mú pẹ́ńsùlù bọ̀."

Mo sáré lọ, mo sáré bọ̀. Mo na ọwọ́ láti bá a ká a.

"Ki ọwọ́ ẹ bọ àpò," ó ní.

"Okùn kíká kì í ṣe ẹja pípa, Ardis. Jẹ́ kí n tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe."

"Mo ní kó o ki ọwọ́ ẹ bọ àpò. Ní Sátidé, tí Curtis bá bi mí pé ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, mo fẹ́ lè wo ojú ẹ̀."

Ó ki pẹ́ńsùlù bọ inú ìdì okùn, ó fi orúnkún méjèèjì di pẹ́ńsùlù mú. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ òsì di ọ̀pá mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí kẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ náà. Ìdì okùn náà bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó yí lọ sábẹ́ sítóòfù, Ardis sì rákò lọ mú un jáde, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ so ìwọ̀ mọ́ okùn, eyín àti ọwọ́ kan ló fi so ó. Ìwọ̀ gún un létè ibi tí kò tíì jinná. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lápò, omijé ń ṣàn lójú mi, kò sì sí ohun tí mo lè fi nù ún. Ó gbà á ní wákàtí méjì àbọ̀.

Ó gbé àtàǹpàkò. Ìwọ̀ sọ̀kalẹ̀ tààrà, ó dé ìsàlẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́. Pẹ́ṣì àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Títí di ọjọ́ Ẹtì, pẹ́ṣì mẹ́rìndínlógún ni Ardis mú, ó fi ìgbọ̀nwọ́ di ọ̀pá, ó ń yí kẹ̀kẹ́ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. A dín wọn, a jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n Curtis kò rí ọ̀kankan nínú wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì jọ sọ ni pé níṣojú rẹ̀.

Sátidé pé. Curtis dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n tó fẹ́ fi fa ahéré kúrò lórí yìnyín. Àpótí méjì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé, Ardis ti di wọ́n láti alẹ́ Ẹtì, torí ẹni tí kì í yẹ àdéhùn ni. Òtútù ọjọ́ náà ń mú kí irun imú le. Àwa mẹ́ta jókòó sínú ahéré, Ardis nídìí ihò, Curtis lórí garawa, èmi lórí àpótí ìdẹ mi.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Aago mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, méjìlá. Mo fi kóòtù borí mo wo ìsàlẹ̀: iyanrìn nìkan ni mo rí. Gbogbo pẹ́ṣì ti lọ, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ pé àlejò ń bọ̀. A jẹ sọ́sééjì, a mu kọfí. Ní aago méjì, Curtis wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Mọ́ọ̀mì, ó tó báyìí. Ẹ ti gbìyànjú."

"Oòrùn ti wọ̀ ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá tó?"

Ní aago márùn-ún, inú ahéré ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Mo ń gbàdúrà, èmi tí n kò dé ṣọ́ọ̀ṣì láti Ọdún Àjíǹde. Ardis kàn ń gbọn ṣóńṣó ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á dúró, á tún gbọ̀n ọ́n.

Ṣóńṣó ọ̀pá náà tẹ̀. Ardis fà á sókè.

"Pẹ́ṣì ni!" Curtis pariwo. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé inú rẹ̀ dùn, mo sì wò ó pẹ̀lú ìyanu.

Kì í ṣe pẹ́ṣì. Ọ̀pá náà dorí kodò títí ṣóńṣó rẹ̀ fi wọ inú omi, kẹ̀kẹ́ pẹlẹbẹ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn pẹ̀lú ariwo. Ardis fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń yí náà ń lù ú ní ìka, ó lu awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bó. Kò gbé àtàǹpàkò kúrò, kò sì tẹ̀ ẹ́ pa. Bí ẹja náà bá fà á gan-an, á dẹ ọwọ́. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀pá sábẹ́ abíyá òsì, ó ká okùn bíi mẹ́wàá. Ẹja náà tún sáré, ó tún gba gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀pá yọ̀ lábíyá rẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà já lu etí ihò, ọwọ́ tí a fi ń yí i sì kán.

Onírin ì bá ti tú okùn fún ẹja yẹn, mo rò bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi, mo sì kórìíra ara mi pé mo rò ó.

Curtis ti wà lórí orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nínà. "Mọ́ọ̀mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n..."

"Tó o bá kàn án, mi ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé yìí!"

Ó ti fi ọwọ́ ọ̀tún gba okùn náà mú. Ó wé e mọ́ ìgbọ̀nwọ́ òsì lẹ́ẹ̀mẹta, lórí apá súwẹ́tà onírun tó nípọn, ó sì di apá náà mọ́ ìhà rẹ̀ pinpin. Ó dìde.

"Marlys, ṣílẹ̀kùn."

"Ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ ìrànlọ́wọ́?"

"Ilẹ̀kùn kì í ṣe okùn! Ṣí i!"

Mo ṣí i. Ardis kọjú sí ihò, ó ń fi ẹ̀yìn rìn jáde lọ sórí yìnyín. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì. Bí ẹja náà bá fà á, á dúró, á fara tì sẹ́yìn bí ẹni tó ń fa màlúù agídí. Bó bá dẹ̀, á tún gbé ẹsẹ̀. Delmer jáde nínú ahéré tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn tó ń di ẹrù wọn dúró. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ gbé fìlà rẹ̀ lọ, kò wò ó.

Èmi àti Curtis wà lẹ́nu ihò. Omi ru sókè, orí kan yọ: wọ́láì ńlá, ẹja tí ojú rẹ̀ máa ń tàn bí ojú ológbò. Ìwọ̀ hóró ìrẹsì náà kàn rọ̀ mọ́ awọ ètè rẹ̀ ni. Àgbọ̀n rẹ̀ sì há sábẹ́ etí yìnyín. Okùn le tantan, ó ń dún. Ìdajì ìṣẹ́jú sí i, á já. Kò ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ láàárín ẹja náà àti ìka Curtis. Bó bá kan okùn lásán, ìyá rẹ̀ á sùn sílé Curtis ní Sent Pọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ náà. Bó bá sì dákẹ́, ìyẹn náà á tó.

Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá rẹ̀. Ó sì pariwo jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn:

"Mọ́ọ̀mì, ẹ dúró! Ó há! Ẹ bọ̀ síwájú ní ẹsẹ̀ méjì! Méjì péré! Ẹ dẹ̀ ẹ́... ó ti yí orí... ó ti yí orí! Ó yá, ẹ máa lọ! Ẹ máa lọ, Mọ́ọ̀mì, ẹ má dúró!"

Ardis lọ. Wọ́láì náà yọ gùlọ̀, ó sún kọjá láàárín ẹsẹ̀ wa, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde, ó ń jà, ó sì ń yọ̀ lórí yìnyín títí ó fi dúró níwájú ìyá àgbà náà. Ó gùn tó apá rẹ̀. Delmer ṣí fìlà rẹ̀, ó dì í mú láyà. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Nígbà tí èmi àti Curtis dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ardis ti jókòó sílẹ̀ lórí òjò dídì, ó ń tú okùn kúrò ní apá rẹ̀. Okùn náà ti gé súwẹ́tà títí kan awọ. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún? Ìwọ lo pàdánù, síbẹ̀ ìwọ lo júwe ọ̀nà fún mi."

"Orí fóònù ni mo ti gbọ́," Curtis ní.

"O gbọ́ kí ni?"

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣubú. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ti pa fóònù mi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Marlys pè mí. Nígbà tí mo máa gbọ́, ilẹ̀ ti ṣú. Mo wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, mi ò mọ̀ bóyá òkú ni mo fẹ́ lọ bá. Mọ́ọ̀mì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ yín. Mi ò fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀ lórí fóònù mọ́ ni."

Láti Kérésìmesì la ti ń sọ̀rọ̀ ọwọ́, ọwọ́, ọwọ́. Kò sọ ìyẹn rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo yíjú sápá ibòmíràn.

"Wàá gbọ́ ọ, ọmọ mi," Ardis ní. "Ibi yòówù kí n wà, ọjọ́ kan ń bọ̀ tó o máa gbọ́ ọ. Ì báà jẹ́ inú ilé ẹ ni mo wà, ìwọ á ti wà níbi iṣẹ́. Àmọ́ ọjọ́ yẹn ò tíì dé. Mi ò ní lọ jókòó sí pálọ̀ ẹ kí n máa dúró dè é."

Curtis kúnlẹ̀ sórí yìnyín, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan, ó sì gbé ọwọ́ òsì ìyá rẹ̀ tó ti tutù bí irin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ìka tí kò gbọ́ràn náà bọ inú ìbọ̀wọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Ardis wò ó, ó sì jẹ́ kó ṣe é.